Wọ́n kun àdúgbò wa ní pupa lórí máàpù ìwà ọ̀daràn: ṣé ká gbà á gbọ́?

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Onílé ni mí n'Ìbàdàn, èmi náà sì ni akápò ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ó ti tó bí oṣù kan tí máàpù kan ti ń kiri lórí WhatsApp. Wọ́n ya ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà n'Ìbàdàn síbẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mẹ́rin, láti orí funfun dé orí pupa. Tiwa ló pupa jù. Ẹni tó ti múra àtisan owó ilé mi ti yẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà látinú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá kò lè parọ́. Ní ìpàdé wa tó kọjá, alága tún ní ká fi máàpù yìí mọ ibi tí a ó fi àwọn ọlọ́dẹ wa sí. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tí irú máàpù bẹ́ẹ̀ lè sọ, àti èyí tí kò lè sọ?"

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, wọn ò sì jọra. Èkíní ni ti ayálégbé tó yẹ̀ ẹ́: ṣé máàpù yẹn tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ kọ ilé sílẹ̀? Èkejì ni ti alága: ṣé ó tó ohun tí a fi ń pín ọlọ́dẹ? Rárá ni mo dá sí méjèèjì, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ ju máàpù náà nù. Yíya irú àwòrán báyìí ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n fi ń ba orúkọ àdúgbò jẹ́, tí kò sì jẹ́ pé máàpù náà ló ní kí wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, torí ó rí nǹkan kan. Máàpù tó ń fi àwọ̀ sọ bí ohun kan ṣe pọ̀ tó ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ láyé. Ní 1829 ni amòfin ará Faransé kan, André-Michel Guerry, òun àti onímọ̀ jọ́gíráfì kan, Adriano Balbi, tẹ èyí tó fi bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe pọ̀ sí káàkiri ilẹ̀ Faransé hàn, ó sì tún kọ ìwé tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ní 1833. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé àìmọ̀wé ló ń sọni di olè. Guerry gbé máàpù ìmọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olè jíjà, ó sì hàn gbangba pé ìhà àríwá tí àwọn tó mọ̀wé pọ̀ sí ni ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ dúkìá pọ̀ sí. Ó tún hàn pé ibi tí wọ́n ti ń jí ẹrù jù kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe èèyàn léṣe jù. Ohun tí àríyànjiyàn ọdún gbọọrọ kò yanjú, àwòrán tí a gbé ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló mú un wá sójú.

Iṣẹ́ kan náà ni ó lè ṣe fún wa níbí. Ẹ bi ará Ìbàdàn léèrè ibi tí olè pọ̀ sí, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé ni yóò dárúkọ. Ẹni tó ń gbé Bódìjà á nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí páànù ti dípẹtà. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ìlú á ní àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n ń digun bá. Máàpù tí wọ́n ṣe dáadáa kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún ní agbára kan tí ìwé onílà kò ní. Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tí ẹ bá to iye ẹ̀sùn wọn sórí ìwé ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, kò sí ojú tó lè rí i pé àwọn mẹ́ta tó ga jù fara kan ara wọn, tí títì kan ṣoṣo sì gba àárín wọn kọjá. Lórí máàpù, ìwò kan ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ pín ọkọ̀ ìṣọ́ tàbí owó iná ojú títì fún odidi ìlú ló ń wò ó, yálà ní Agodi ni tàbí ní olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé, máàpù ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá bá ohun tó fẹ́ ṣe mu. Odidi ìlú ni ìbéèrè tirẹ̀ kàn, odidi ìlú náà ni máàpù ọ̀hún sì ń fi hàn. Èyí ni mo fi máa ń dá àwọn tó bá ní irú máàpù bẹ́ẹ̀ kò wúlò rárá lóhùn.

Ibi tí ọmọ yín ti ṣìnà ni pé ó gbà pé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, gbé iye ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí ní 2017 jáde, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. 134,663 ni gbogbo rẹ̀. Èkó nìkan kó 50,975 nínú rẹ̀. Katsina kó 120. Tí ẹ bá fi èyí kun máàpù Nàìjíríà, Èkó á pupa bí ẹ̀jẹ̀, Katsina á sì funfun nini. Ta ló máa gbà pé ní odidi ọdún kan, ní ìpínlẹ̀ tó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn, ẹ̀ṣẹ̀ 120 péré ló ṣẹlẹ̀? Ohun tí ìṣirò yẹn ń kà ni iye ìgbà tí ẹnì kan dìde nílé, tó lọ sí tésàn, tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí ìwé náà sì dé Àbújá. Ibikíbi tí okùn yẹn bá ti já, funfun ni máàpù á fi hàn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń já n'Ìbàdàn. Wọ́n mú ọmọ kan tó ń jí bátìrì ọkọ̀, baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí dá sí i, àwọn òbí rẹ̀ san owó bátìrì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n fipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀, àwọn àgbà ìdílé pe ìpàdé, wọ́n ní ká má ṣe gbé e síta, ká má ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́. Irú ìpalẹ́numọ́ bẹ́ẹ̀ burú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde pé ó burú, àmọ́ ohun tó ń ṣe sí máàpù ni mò ń sọ lọ́wọ́ yìí: ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lè wà lára àwọn tí àwọ̀ wọn fúyẹ́ jù. Ẹlòmíì ò lọ sí tésàn torí owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ fi bọ̀, ẹlòmíì torí ó ń bẹ̀rù pé òun gan-an ni wọn ó ní kó wá fi béèlì jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń lọ, torí wọ́n lè béèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí ìwé ìbúra lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá síìmù rẹ̀ padà. Ẹni tó ní ìwé adójútòfò lórí ọkọ̀ rẹ̀ náà máa ń lọ, torí láìsí ìwé ọlọ́pàá, owó ò ní jáde. Nítorí náà, ẹ̀sùn tó ń mú ìwé wá fún ẹni tó fi sùn máa ń pọ̀ ju ẹ̀sùn tó ń mú ìtìjú wá lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni ohun kan tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ti wá. Bí wọ́n bá gbé DPO tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn aráàlú wá sí àgbègbè kan, tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbowó béèlì, tó sì ní obìnrin tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, ẹ̀sùn á pọ̀ sí i. Máàpù ọdún tó tẹ̀ lé e á wá pupa sí i. Ó ṣeé ṣe kí pupa tiyín jẹ́ pé àwọn èèyàn yín ń fọkàn tán tésàn yín ju àwọn aládùúgbò lọ. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé olè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì máa ń ní, máàpù fúnra rẹ̀ ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí wọ́n ti kọ ẹ̀sùn náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lọ́nà lójú títì Èkó sí Ìbàdàn lè dé ilé kó tó ráyè lọ sùn, kí tésàn àdúgbò rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ààlà tésàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kì í ṣe ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Tí ẹni tó ya máàpù bá gba iye tésàn tó sì há wọn sínú ìjọba ìbílẹ̀, ó di dandan kó fojú dá apá kan. Ẹ bi í bó ṣe dá a. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe mú máàpù náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, torí ibí yìí gan-an ni mo rí i pé wọ́n ti ṣẹ̀ yín jù. Ẹ wo Àríwá Ìbàdàn. Inú rẹ̀ ni GRA Agodi wà, inú rẹ̀ ni ilé àwọn ọlọ́lá ní Bódìjà wà, inú rẹ̀ ni Yemẹtu, Sángo, Mọ́kọ́lá àti Àgbowó wà, Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni máàpù fún gbogbo wọn. Ó dà bí ìgbà tí a da ọbẹ̀ ilé mẹ́wàá pọ̀ sínú ìkòkò kan, tí a tọ́ ọ wò, tí a wá ní ìyàwó ilé kẹta ò mọ iyọ̀ fi sọ́bẹ̀. Ní 1950, onímọ̀ nípa àwùjọ kan, W. S. Robinson, fi ìṣirò hàn ní Amẹ́ríkà pé ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa àgbègbè lápapọ̀ lè má jẹ́ òtítọ́ rárá nípa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ lè yí padà sí òdìkejì. Ayálégbé yín ka àwọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ ojúlé kan. Àṣìṣe yẹn gan-an ni Robinson kìlọ̀ fún.

Ìwà ọ̀daràn kì í tilẹ̀ tàn kálẹ̀ bí òjò. Onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn kan, Lawrence Sherman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìpè tó ń wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà wò, ìwádìí wọn sì jáde ní 1989. Ìdá 3.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojúlé àti oríta ìlú náà ló fa ìdá 50.4 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìpè. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ni wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì bá irú ìkórajọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn àdúgbò tí a ń pè ní eléwu, ọ̀pọ̀ jù lọ òpópónà ibẹ̀ ló dákẹ́ jẹ́jẹ́. Oríta kan, ibùdókọ̀ kan, ilé àkọ́tì kan, ẹ̀yìn ọjà kan ló ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ á na oríta kan yẹn sórí ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí ẹ bá tún ààlà pín, bí àpẹẹrẹ kí ẹ fi wọ́ọ̀dù méjìlá tó wà ní Àríwá Ìbàdàn ya á, máàpù mìíràn ni ẹ ó rí látinú àkọsílẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá sì mú títì ńlá ṣe ààlà, olè tó ń ṣọṣẹ́ lójú títì yẹn á pín sí ọ̀tún àti òsì, kò ní hàn níbì kankan.

Ẹ tún béèrè bóyá iye lásán ni wọ́n kùn, tàbí wọ́n pín in lórí iye èèyàn. Ìkànìyàn 2006 ni èyí tó kẹ́yìn tí a ṣe parí ní Nàìjíríà. Nínú rẹ̀, Àríwá-Ìwọ̀ Oòrùn Ìbàdàn ní nǹkan bí 153,000 èèyàn, Àríwá-Ìlà Oòrùn Ìbàdàn sì lé ní 330,000. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó pé ẹ̀sùn 300 wá láti èkíní, 400 wá láti èkejì. Bí ẹ bá kun iye lásán, èkejì ló pupa jù. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí èèyàn 100,000, èkíní á ní bí 196, èkejì á ní bí 121, àwọ̀ á sì yí padà. Síbẹ̀, ìpín yìí náà ní àléébù tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ìlú tí a kà ní 2006 kọ́ ni ìlú tí à ń gbé lónìí. Èkejì, àwọn tó sùn níbẹ̀ ni ìkànìyàn kà. Ta ló ń sùn ní Dùgbẹ̀? Ta ló ń sùn ní Gbági tuntun tàbí lábẹ́ afárá Ìwó Road? Láàárọ̀, àwọn ibẹ̀ á kún dẹ́nu, lálẹ́ wọ́n á dá páropáro. Tí a bá pín fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èrò ọ̀sán lórí ìwọ̀nba èèyàn tó ń sùn níbẹ̀, àwọn onílé ibẹ̀ á dà bí ẹni tó ń gbé inú ihò kìnnìún. Bí ọjà ńlá tàbí gáréèjì bá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, Màmá, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó sunkún nítorí pupa.

Lórí àwọ̀ fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́. Ẹni tó yà á ló yan ibi tí àwọ̀ ọsàn parí sí tí pupa ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi ààlà sí ẹ̀sùn 100, ẹni tó ní 99 á wà ní àwọ̀ ọsàn, ẹni tó ní 101 á wọ pupa, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní 240 náà á wọ pupa kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní 101. Àwọn mìíràn máa ń to ìjọba ìbílẹ̀ láti orí kékeré dé ńlá, wọ́n á sì pín wọn lọ́gbọọgba sí àwọ̀ mẹ́rin. Pẹ̀lú èyí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ pupa ṣáá ni, bí gbogbo Ìbàdàn tilẹ̀ ń sùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ máàpù náà bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ "púpọ̀" àti "díẹ̀" nìkan ni wọ́n kọ, tí kò sí nọ́ńbà, kò sí ọdún, kò sí orúkọ ẹni tó yà á, èmi ò ní fi í ṣe nǹkan kan.

Ọdún ọ̀hún ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò tó ń sanwó ní Oṣù Kẹfà 2021, ibùdó rẹ̀ n'Ìbàdàn sì wà ní Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Máàpù tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ 2018 yà kò mọ̀ nípa èrò tó ń sọ̀ níbẹ̀, kò mọ̀ nípa ọlọ́kadà tó ń dúró dè wọ́n, kò mọ̀ nípa ilé tó ti hù yí i ká. Máàpù tó sì kó ọdún mẹ́ta pọ̀ ò lè sọ fún yín bóyá nǹkan ń dára sí i tàbí ó ń burú sí i. Bákan náà ni tí wọ́n bá da oríṣi ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo pọ̀. Ìjà àwọn onímọ́tò ní gáréèjì, jìbìtì lórí ilẹ̀, ìdigunjalè, ìpànìyàn, gbogbo wọn á di ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan lórí ìṣirò. Guerry ti ya ẹ̀ṣẹ̀ sí dúkìá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ sí ara láti 1829. Kò sí àwáwí fún ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ lónìí. Ẹni tó fẹ́ gbàlé fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fọ́lé lóru, kì í ṣe bóyá wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú to àmì kékeré sí ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Láti 2011 ni àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ England àti Wales ti ń fi irú rẹ̀ síta fún gbogbo aráàlú. Àmọ́ wọ́n tètè rí ewu rẹ̀: àmì tó bá wà lórí ilé ẹnì kan ti tú àṣírí ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Nítorí ìyẹn, wọ́n máa ń sún gbogbo àmì lọ sí ojúkò kan tí ilé bíi mélòó kan pín, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ibẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀ ni. Èyí dáàbò bo èèyàn, àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé òpópónà tí wọ́n yan ojúkò náà sí lè máa ru ẹrù òpópónà kejì. Irú máàpù mìíràn, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yọ bí iná, tí àárín rẹ̀ pọ́n tí etí rẹ̀ sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀, dùn-ún wò púpọ̀, ó sì wúlò fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó yà á ló ń pinnu bí pípọ́n náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Bó bá fi ìlọ́po méjì kún un, iná oríta kan á gba àdúgbò mẹ́ta. Kò sí èyí tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Fún àdúgbò, àmì kékeré ni mo fara mọ́, bí ẹni tó ní in bá lè pa àṣírí àwọn èèyàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ alága yín ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti ní ìmọ̀ràn tó le jù. Ẹ má fi máàpù ìjọba ìbílẹ̀ pín ọlọ́dẹ. Gbogbo àdúgbò yín ò ju ìka kan lórí rẹ̀ lọ, àwọ̀ kan náà ló sì ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà kò ní ohunkóhun láti sọ nípa ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ẹnì kan jókòó sí. Ohun tí ẹ nílò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀, yálà wọ́n gbé e dé tésàn tàbí wọn ò gbé e débẹ̀: ọjọ́, wákàtí, irú ohun tó jẹ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, bí wọ́n ṣe wọlé. Kí ẹ kọ èyí tí wọ́n gbìyànjú tí kò bọ́ sí i pẹ̀lú, torí àwọn yẹn máa ń kọ́ni lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí. Ìwé tó bá ní orúkọ afurasí máa ń di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà. Ẹ má sì kọ orúkọ obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ti ilé ìwòsàn àti ti ọlọ́pàá, kí ẹnì kan tó fọkàn tán nínú yín sì tẹ̀ lé e débẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ẹ ní kí ọmọ yín ya òpópónà àdúgbò sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó to àmì sí i, àwọ̀ kan fún ọ̀sán, òmíràn fún òru. Ẹ má jẹ́ kí ó gbé e sórí WhatsApp. Kó wà nínú yàrá ìpàdé. Bí ẹ bá rí i pé fífọ́lé pọ̀ láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru níbi tí iná títì ti kú, ẹ ti mọ ibi tí ọlọ́dẹ yóò wà àti ìgbà tí yóò wà níbẹ̀, ẹ sì ti mọ gílóòbù tí ẹ ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ lè mú un lọ bá DPO tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, torí ẹ̀sùn tó ní wákàtí àti ibi máa ń rí ẹni gbọ́ ọ ju "olè ń yọ wá lẹ́nu" lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kékeré. Bí ó bá jẹ́ méjì lóṣù yìí tó di mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ èèṣì lásán. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra. Alága lè máa bẹ̀rù pé olè á kàn ṣí lọ sí òpópónà kejì tí ọlọ́dẹ bá dúró síbì kan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìgbà, pé àwọn òpópónà tó wà nítòsí tilẹ̀ máa ń jàǹfààní ìṣọ́ náà. Ìwé yín ni yóò sọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àdúgbò yín láàbò, Màmá. Èmi ò tíì rí àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn máàpù náà, kò sì sí máàpù tí ǹ bá fi jókòó síbí sọ ọ́. Tí ayálégbé yẹn bá ṣì ń wálé, ẹ má bá a jiyàn lórí àwọ̀. Ẹ pè é wá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, kó rìn láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kó wo ibi tí iná wà àti ibi tí kò sí. Kó bi ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta nígbà tí wọ́n jalè gbẹ̀yìn. Kó kan ilẹ̀kùn ilé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń yá, kó bi wọ́n bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ àti ohun tó lè mú wọn kó jáde. Bí olè bá ti wọ ilé yín rí, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì fi irin tí ẹ ti fi sí fèrèsé láti ìgbà náà hàn án.